Bàmú Akínwándé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Jánúárì 2025

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ kejì Kérésì, gbogbo ẹbí ọkọ mi pé jọ lórí Zoom láti sọ̀rọ̀ ìrántí ọdún kan tí a ó ṣe fún Akínwándé. Wọ́n ní kí a tẹ fọ́tò rẹ̀ ní gbàgàdà, kí a gbé e síwájú ìjọ. Gbogbo wọn ti fẹnu kò. Àfi èmi tí mo dédé lanu, mo ní kò sí fọ́tò tí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀, èmi fúnra mi ni màá fi ọ̀dà ya ojú ọkọ mi. Gbogbo wọn dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Ìgbà tó yá ni Àǹtí Oyèbọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ń bọ̀ ní London wá fi ojú ara àwọn rí i.

Ọjọ́ ìrántí ni 22 Máàṣì. Mo kà á lórí kàlẹ́ńdà: ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lé díẹ̀.

Láti oṣù kẹsàn-án tí Tọ́ládé ọmọ mi ti fi mí sí kíláàsì ìyàwòrán Raymond, ohun tí mo ti yà kò ju ife kan, àlùbọ́sà méjì àti ààbọ̀ etí lọ. Tọ́ládé ló ní mo ń jókòó sí kíṣìnnì jù. Ẹni tí kò tíì ya etí kan tán ló lọ ṣèlérí odindi ọkùnrin.

Yìnyín bo gbogbo mọ́tò àdúgbò wa ní Moorings láàárọ̀ yìí. Mo rọra rìn dé ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Jánúárì

Kíláàsì. Gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí Connaught Estate ni a ti ń ṣe é, hítà ibẹ̀ ń wúkọ́ ju kó gbóná lọ. Raymond ti lé ní àádọ́rin ọdún. Títún àwọn àwòrán àtijọ́ ṣe ló fi jẹun fún ogójì ọdún. Ohun tó ń kọ́ wa ni bí àwọn ayàwòrán ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú ènìyàn, kò sì fẹ́ gbọ́ nípa ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí n máa pe òun ní Raymond lásán. Mò ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó máa ń há mi lẹ́nu.

Àwòrán àtijọ́ kan wà tó máa ń gbé wá, obìnrin òyìnbó tó wọ aṣọ dúdú, tí ẹ̀gbà wúrà wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ obìnrin náà tàbí orúkọ ẹni tó yà á. Raymond ní kí n sún mọ́ ọn títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò sí ẹ̀gbà kankan níbẹ̀. Ọ̀dà ìyeyè mẹ́ta tó dì ni mo rí, bí ìgbà tí ènìyàn nu ṣíbí sí etí àwo. Ó ní kí n fà sẹ́yìn. Mo fa ẹsẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, wúrà padà dé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹni tó yà á fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní ohun tí gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ nìyẹn: kí o wò ó pẹ́, kí o fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí o fi í sílẹ̀.

Ó tún ní ìdí igi búrọ́ọ̀ṣì ni kí n ti máa dì í mú, níbi tó jìnnà sí ọ̀dà. Mo ti ń dì í mú bíi ṣíbí ìrokà láti oṣù kẹsàn-án.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Akínwándé fún un. Kò bá mi kẹ́dùn jù, mo dúpẹ́ nínú mi. Ó kàn béèrè fọ́tò wo ni mo fẹ́ máa wò yà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Wàhálà wà lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò. Nígbà tí a sin ín tán, àwọn obìnrin ìjọ kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n ní kí ojú mi má baà máa bọ́ sí i. Wọ́n kó o sínú páálí, wọ́n fi téèpù dì í, Tọ́ládé gbé e lọ sí fúláàtì rẹ̀ ní Woolwich. Ó ti ní òun á gbé e wá. Mo ní kó má gbé e wá. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí pé màá sunkún tí mo bá ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní sunkún.

Ó wá fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi láti orí fóònù rẹ̀, èyí tí òun àti bàbá rẹ̀ yà létí odò Thames nígbà ooru tó kẹ́yìn láyé rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ na fóònù síwájú tó fi yà á. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street, mo ní kí wọ́n gé Tọ́ládé kúrò, kí wọ́n tẹ Akínwándé nìkan, láti àyà sókè. Pọ́n-ùn mẹ́jọ. Ojú rẹ̀ hàn dáadáa: ẹ̀rín díẹ̀, iwájú orí tó ń dán, ilà bàmú kan ṣoṣo tó ní tó fà wá láti imú sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù ní èèyàn dáadáa ni yóò jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣu kan ṣoṣo, pọ́n-ùn mẹ́jọ bákan náà. Mo dá a padà sórí àtẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì

Raymond fún mi ní kánfáàsì tó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ bò. Ó ní kí n má ya ojú, kí n má ya imú; kí n fún ojú mi pọ̀ díẹ̀, kí n ya ibi tó bá ṣókùnkùn nìkan. Wákàtí méjì ni mo fi ya òkùnkùn. Nígbà tí mo fà sẹ́yìn, ẹnìkan wà níbẹ̀. Mi ò lè sọ pé òun ni, mi ò sì lè sọ pé òun kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Jánúárì

Pásítọ̀ Bíyìí ti kéde àwòrán náà fún gbogbo ìjọ láì sọ fún mi. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ dì mọ́ mi, wọ́n ní mo lágbára, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń bẹ lẹ́yìn opó. Mo ní àmín.

Kì í ṣe agbára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí láti gáréèjì bọ́ọ̀sì tí Akínwándé ti ń ṣe awakọ̀ pé ó ṣubú kú kí ó tó gbé bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ jáde, omi kò tíì jáde lójú mi. Níbi ìsìnkú, òdòdó ni mò ń kà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, tí o ń fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ tí o kò mọ̀ ọ́n lára. Mo ti ń retí kó kúrò lára mi láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

Òjò. Mi ò lọ kíláàsì. Mo jókòó sí kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì

Raymond ní ìwé àtijọ́ kan tó sọ bí a ṣe ń po àwọ̀ ara ènìyàn: funfun tó pọ̀, pupa díẹ̀, ìyeyè díẹ̀. Mo pò ó bí ìwé ṣe wí. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ ló jáde. Raymond rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì í. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun ń kọ́ wa ní ọgbọ́n wọn yìí, tí wọ́n bá fẹ́ ya ènìyàn dúdú, wọ́n á fi ọ̀dà kan náà kùn ún láti iwájú orí dé ọrùn bí ẹni kun ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn tó wò ó dáadáa kò pọ̀.

Mo wá pò ó fúnra mi. Àwọ̀ ilẹ̀ tó jóná, búlúù tó jinlẹ̀, pupa díẹ̀. Mi ò fi dúdú sí i rárá. Akínwándé dúdú o, ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ kò dúdú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, búlúù ló ń hàn níbẹ̀. Abẹ́ ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dà bí eérú. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wà nílé rẹ̀, ìgbà tí kò sí nílé mọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́fà ló wà lójú rẹ̀. Inú bí mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti bí mi nínú kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Michael, bàbá àgbà tí mo ń tọ́jú láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ní Plumstead, ní kí n yé wo òun bí ẹran lórí àtẹ. Mi ò mọ̀ pé mò ń wò ó. Etí rẹ̀ ni mò ń wò, bó ṣe ń pọ́n tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún un, mo de bọ́tìnnì rẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní tí obìnrin bá ṣì ń wo ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi ìbínú ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Ọgbọ́n tuntun. Raymond ní àwọn àgbà ayàwòrán kì í gbé iṣẹ́ jáde láì kọ́kọ́ fi dígí wò ó. O máa kọ ẹ̀yìn sí àwòrán rẹ, o máa gbé dígí sókè, o máa wò ó láti inú dígí náà. Àṣìṣe tí ojú rẹ ti mọ́ lára á wá hàn kedere. Gbogbo wa gbé dígí. Natasha tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní imú tòun ti wọ́. Ẹlòmíràn ní ojú kan ga ju èkejì lọ.

Akínwándé ló wà nínú dígí tèmi. Ó ń wò mí bí ìgbà tí ebi bá ń pa á tí kò fẹ́ béèrè oúnjẹ. Mo yíjú sí kánfáàsì, àlejò kan ni. Mo tún wo dígí, òun ni. Mo tún yíjú, àlejò.

Mo sọ fún Raymond. Ó wo méjèèjì pẹ́, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé dígí máa ń ba àwòrán jẹ́ mọ́ èèyàn lójú ni, kì í tún un ṣe. Ó ní ó lè jẹ́ pé mo ti wò ó jù. Òun ò kúkú mọ Akínwándé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Raymond ti fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwòrán wá sílé fún mi kí n lè máa wò ó; ó ní òun á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́jọ́ kíláàsì. Láràárọ̀ kí n tó jáde ni mò ń wò ó, láràárọ̀ ni àlejò yẹn ń wò mí padà. Mo ti rò ó dáadáa. Kì í ṣe àwòrán ló burú, èmi ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, jẹ́ kí n kọ ọ́ kí n sinmi: mi ò mọ ojú ọkọ mi mọ́. Ẹlẹ́ran ara tó bá lè jókòó tì í fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, kó má sunkún rẹ̀, kó tún gbàgbé ojú rẹ̀ láàárín ọdún kan, irú ènìyàn wo ni? Bí mo bá ya àwòrán yìí tí kò jọ ọ́, a jẹ́ pé ó ti lọ pátápátá nìyẹn, níwájú gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Wákàtí mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra á, mo tún un ra, títí ó fi ń dán bí ọmọlangidi. Raymond gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó fi ọ̀bẹ fá gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wá fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì mìíràn tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Fẹ́búárì

Raymond ní ó ti parí, kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ya ìmọ́lẹ̀ iwájú orí báyìí kò pọ̀ lọ́wọ́ òun. Tọ́ládé yà láti ibi iṣẹ́ wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, kò wọlé, ó ń sunkún.

"Mummy, it's Daddy," ló ń wí. "It's actually Daddy."

Mo dì í mú. Mò ń wo àwòrán náà lórí èjìká rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rí i níbẹ̀ àfi èmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Máàṣì

Físà Àǹtí Oyèbọ́lá ti jáde. Mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n má fún wọn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Àǹtí dé. Wọ́n di ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, wọ́n jókòó ṣinṣin nínú rélùwéè láti Heathrow dé Woolwich bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Gàrí, ẹ̀gúsí, àti irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́rin wé tí gbogbo ọkọ̀ ṣì ń gbóòórùn rẹ̀. Wọn ò béèrè àwòrán. Wọ́n ní ojú tó rìnrìn-àjò ò dára fi wo nǹkan pàtàkì, ó di àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Máàṣì

Mo bẹ ẹlòmíràn kó bá mi ṣe iṣẹ́ àárọ̀. Lẹ́yìn àdúrà, Àǹtí ní ó yá. Mo ṣí aṣọ lójú àwòrán náà. Wọ́n wò ó. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n tún wò ó. Wọ́n dìde, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé orí ọmọ sí i, wọ́n yí ọwọ́ náà síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyàwó, ta lèyí?"

Mo ní Daddy Tọ́ládé ni, mà.

"Ó jọ ọ́, àmọ́ òun kọ́. Òsì ni bàmú àbúrò mi wà."

Mo fi fọ́tò hàn wọ́n. Mo ní ẹ wò ó níbẹ̀, mà, ọ̀tún ni. Wọn ò wulẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n jókòó, wọn ò pariwo.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ nílà. Ìyá wa ò lè wò ó, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé. Èmi ni wọ́n gbé orí rẹ̀ lé nítan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló fi sùn lé itan mi, òsì ló wà lókè, tí olóòlà kọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára ìró mi. Fọ́tò ò lè sọ ibi tó wà fún mi."

Mo gbìyànjú láti rí ojú Akínwándé lọ́kàn mi, kí n mọ ẹ̀gbẹ́ tó wà, mi ò rí nǹkan kan. Mo lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán bí mo ṣe wà.

Michael ti da tíì sára. Mò ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì fún un, mo de bọ́tìnnì mẹ́ta, ọwọ́ mi dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, apá òsì ló máa ń wà lókè. Ọdún méje ni mo ti ń de bọ́tìnnì fún àwọn bàbá àgbà, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n láì wò. Nínú àwòrán mi, apá ọ̀tún ló wà lókè, bíi búláòsì obìnrin. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi yà á bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì

Tọ́ládé gbé páálí wá. Àǹtí ló fi ọ̀bẹ ya téèpù rẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọ, ọjọ́ tó gba ìwé àṣẹ láti wa bọ́ọ̀sì. Òsì ni. Òsì ni gbogbo wọn.

Tọ́ládé jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Bí fóònù rẹ̀ ṣe máa ń yí ojú padà nìyẹn tó bá fi ya ara rẹ̀, ohun tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì. "Sorry, Mummy. Gbogbo fọ́tò èmi àti Daddy, that's the side it's on. Mi ò notice rárá." Mo ní kó má sunkún. Èmi tí mo fẹ́ ẹ gan-an ńkọ́?

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dígí sọ sí mi lọ́kàn. Mo sáré gbé àwòrán lọ síwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá. Bàmú bọ́ sí òsì, bọ́tìnnì bọ́ sí ààyè rẹ̀. Akínwándé ló dúró níbẹ̀ tó ń wò mí. Àǹtí tẹ̀lé mi wọlé, wọ́n wo inú dígí, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Òun nìyẹn."

Ojú mi ò gbàgbé rẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń sọ fún mi pé èyí kọ́, mo wá ń pe ara mi ní ènìyàn burúkú. Mo jókòó sí etí ibùsùn. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo pe Raymond lórí fóònù. Ó ní kò ṣeé ṣe kí n kàn gbé ilà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí gbogbo ojú náà ló yí padà: ìpéǹpéjú tó ga, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Àfi kí n ya òmíràn. Ọjọ́ méje ló kù. Ó ní àwọn kan wà láyé ọjọ́un tí wọ́n ń ya ojú ènìyàn tán ní ìjókòó kan, kí ọ̀dà tó gbẹ. Òun ní òróró kan tó ń tètè gbẹ, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwòrán náà á lè dúró níwájú ìjọ, bí ẹnikẹ́ni ò bá sáà ti fọwọ́ kàn án. Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó ní ṣé mo rò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ya èyí ti ṣòfò ni, ìgbà yẹn ni mo ń kọ́ ojú náà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Mo gbàyè níbi iṣẹ́. Láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ dára, kò sí oòrùn. Mo gbé àwòrán àkọ́kọ́ kọjú sí dígí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé kánfáàsì tuntun síwájú mi, Akínwándé inú dígí ni mò ń wò yà. Àǹtí jókòó sórí ibùsùn, wọ́n da aṣọ bo ẹsẹ̀.

Mo ya òkùnkùn rẹ̀ láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Mo po gbogbo àwọ̀ tí mo nílò sílẹ̀ kí n má baà dúró. Mo di búrọ́ọ̀ṣì mú níbi tó jìnnà, mo fà sẹ́yìn, mo wò ó pẹ́, mo lọ síwájú, mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ìmọ́lẹ̀ iwájú orí, ẹ̀ẹ̀kan. Abẹ́ ètè, ẹ̀ẹ̀kan. Etí tí mi ò lè yà tán lọ́dún tó kọjá, mo fi ẹ̀ẹ̀mẹrin yà á, etí rẹ̀ ni. Àǹtí gbé tíì wá, ó tutù sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀bà wá, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, ó ku bàmú nìkan. Ojú rẹ̀ láì ní ilà ń wò mí, ọkùnrin tí a kò kọ nílà rí. Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí bí olóòlà ṣe ṣe é. Wọ́n ní ó fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè le, ó mí, ó fa abẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọ́n ní olóòlà tó mọṣẹ́ kì í padà sójú ibi tó ti fà.

Mo fi ọ̀dà tó ṣókùnkùn sí ẹ̀gbẹ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí Raymond ṣe kọ́ wa. Mo mí. Mo fà á láti imú wá sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọwọ́ mi gbọ̀n láàárín, ilà náà yà díẹ̀ kó tó tún tọ́. Mo ti gbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré láti tún un ṣe, Àǹtí di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Fi sílẹ̀. Tirẹ̀ náà gbọ̀n níbẹ̀."

Mo wò wọ́n.

"Ó ké, mo sì tú u sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ní kí n má tú u sílẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kó gbọ̀n. Títí tó fi dàgbà, tí mo bá ti wo ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ rí."

A jọ nu búrọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Hítà pálọ̀ ti wà ní títàn láti ọjọ́ méjì. Iwájú orí ti gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì

A ṣe ìrántí. Ìjọ kún. Àdúrà Pásítọ̀ Bíyìí gùn. Àǹtí gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, wọ́n ń lé gbogbo ẹni tó bá nawọ́, ọmọdé àti àgbà, wọn ò jẹ́ kí pásítọ̀ gan-an sún mọ́ ọn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti gáréèjì, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní kò tíì padà san owó oúnjẹ tó jẹ lọ́wọ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú. Mo kí gbogbo ènìyàn. Omi ò jáde lójú èmi.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Máàṣì

Àǹtí àti Tọ́ládé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ó rẹ̀ mí. Mo gbé àga síwájú rẹ̀ ní pálọ̀. Mi ò lo dígí.

Ohun kan wà tí mi ò tíì kọ síbí, tí mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́bọ̀ tó ṣubú yẹn, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Rosaline, mo ń lọ o." Mò ń wá káàdì bọ́ọ̀sì nínú àpò mi. Mo ní ó dàbọ̀. Ó ṣì dúró díẹ̀ síbẹ̀, mo gbọ́ pé ó dúró. Mi ò gbójú sókè. Ìsàlẹ̀ àpò ni mò ń wò títí ilẹ̀kùn fi padé.

Lónìí mo wò ó. Mo wo ìpéǹpéjú rẹ̀ tó ga, mo wo ẹnu rẹ̀, mo wo ibi tí ilà ti gbọ̀n. Mo ní, "Akínwándé, mi ò gbójú sókè." Ẹkún bẹ̀rẹ̀ láti inú, ó sì jáde. Ìgbà tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilẹ̀ ni wọ́n bá mi.

Tọ́ládé fẹ́ gbé mi dìde, Àǹtí ní kó fi mí sílẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ tì mí, tàwọn ti orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Wọn ò ní kí n má sunkún mọ́. Wọ́n ní, "Sun ún, ìyàwó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Máa wò ó."

Mò ń wò ó. Ọkọ mi ti kú, ó sì ń dùn mí gan-an.